Ìdánwò WAEC Kì Í Ṣe Òṣùwọ̀n Tí A Ó Fi Pín Owó Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè dákẹ́ sí. Àwọn ọ̀gá ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa wà ti kọ ìwé sí ẹ̀ka wa. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí àdéhùn wa ní kí wọ́n máa san fún ọmọ òṣìṣẹ́, wọ́n ní bí ìwé bá ti wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ tó bá wà ní ilé-ìwé tó dára nìkan ni àwọn yóò máa san án fún. A béèrè pé èwo ni ilé-ìwé tó dára? Wọ́n mú àtòjọ kan jáde. Wọ́n to àwọn ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì agbègbè wa láti orí èkíní dé orí ìkẹyìn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì fi tò wọ́n ni iye ọmọ tó gba kírédíìtì márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, nínú ìdánwò WAEC. Àwọn ilé-ìwé ìjọba tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọmọ wa ń lọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn tí owó sáà kan wọn ju owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ, àwọn ni wọ́n wà lókè.

Ẹ gbọ́ ná. Ta ni yóò wá gba owó ìrànwọ́ yìí? Ẹni tó ti ń rí owó san ní ilé-ìwé olówó ńlá tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò ràn lọ́wọ́. Ẹni tí kò rí owó san, tí ó tìtorí bẹ́ẹ̀ fi ọmọ sí ilé-ìwé ìjọba, òun ni wọn yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò sọ pé àwọn fẹ́ dín owó òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n kàn wá òṣùwọ̀n kan tí yóò bá wọn dín in kù, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè pè wọ́n lólè.

Ohun tó dùn wá jù ni pé àwọn kan nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ ń sọ pé ohun tí àwọn ọ̀gá ṣe yìí dára. Wọ́n ní yóò jẹ́ kí òbí jí gìrì, kí olùkọ́ sì múra síṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa wọ̀nyí ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ju àwọn ọ̀gá lọ, nítorí àwọn ọ̀gá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

KÍ NI ÌDÁNWÒ YÌÍ Ń WỌ̀N?

Ní 1952 ni wọ́n dá WAEC sílẹ̀, nígbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe àkóso wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dán ọmọ wò, kó sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ó ń sọ fún wa pé ọmọ báyìí, lọ́jọ́ báyìí, kọ ìwé báyìí, ó sì gba máàkì báyìí. A kò bá WAEC jà. Púpọ̀ nínú wa ló jókòó sí kíláàsì alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ nítorí ìwé-ẹ̀rí yìí kan náà. A mọ̀ pé ọmọ tí kò bá ní kírédíìtì márùn-ún, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni yóò dúró sí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìdánwò kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ má dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọmọ ni WAEC ń wọ̀n, kì í ṣe ilé-ìwé. Ọ̀pá aláṣọ kì í wọn gàrí. Nígbà tí ẹnì kan bá kó máàkì àwọn ọmọ jọ, tó pín in, tó sọ ọ́ di ipò kìn-ín-ní, ipò kejì, ipò ìkẹyìn fún ilé-ìwé, ó ti fi ọ̀pá aláṣọ wọn gàrí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ bá wa dá a rò. Bí fọ́máànù bá fún ẹ̀rọ kan ní ojúlówó ohun èlò, tó fún èkejì ní èyí tí òjò ti pa, tí iná sì ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ nídìí èkejì yìí, tó wá di ìrọ̀lẹ́ tó ní òun fẹ́ ka ọjà tó jáde kí òun lè mọ òṣìṣẹ́ tó dára, ṣé ẹ ó gbà fún un? Ẹ kò ní gbà. Iṣẹ́ yóò dúró lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ọkọ̀, ẹ tún gbọ́. Dírẹ́bà méjì dé oríta Ṣágámù láàárọ̀. Ọ̀kan gbéra ní Mowe, títì márosẹ̀ ló gbà wá. Èkejì gbéra ní Ifọ, ó gba Papalanto, ó já sí kòtò, ó sì pààrọ̀ táyà lọ́nà. Ẹni tó dúró sí Ṣágámù tó ń wo aago nìkan, bí ti Mowe bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, yóò ní òun ni ọ̀gá dírẹ́bà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà ni ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ dírẹ́bà gbọ́dọ̀ béèrè ibi tó ti gbé èrò, irú ọ̀nà tó gbà, àti iye èrò tó jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni àtòjọ àwọn ọ̀gá kò béèrè nípa ilé-ìwé. A ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

IBI TÍ WỌ́N TI GBÉ ỌMỌ

Gbogbo wa la mọ bí Mowe àti Ibafo ṣe kún. Owó ilé Èkó ló lé ọ̀pọ̀ nínú wa wá sí ẹ̀bá títì Èkó sí Ìbàdàn. A ń jí kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, a ń padà wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ọmọ tó wọ JSS 1 nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn kò tíì lè ka ojú ìwé kan já geere. Ilé-ìwé ìjọba kò lè lé e. Ó gbọ́dọ̀ gbà á bó ti wà.

Ní òdìkejì títì, ilé-ìwé kan wà tí kì í gba ọmọ títí yóò fi ṣe ìdánwò àbáwọlé. Ọmọ tó ti mọ̀wé láti ilé ni wọ́n ń mú. Òbí rẹ̀ ń san owó olùkọ́ tó ń wá sílé lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ sì ń tan iná fún un láti kàwé. Bí ọmọ yìí bá gba kírédíìtì mẹ́jọ, kí ni ilé-ìwé náà ṣe? Ó lè ti ṣe púpọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé díẹ̀ ló ṣe, nítorí ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ kó tó wọlé. Àtòjọ kò lè sọ èwo ni. Ṣùgbọ́n tíṣà tó gba ọmọ tí kò lè kàwé ní JSS 1, tí ọmọ náà sì jáde pẹ̀lú kírédíìtì mẹ́ta àti làákàyè tó fi lè kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kó sì ka ìwé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni tíṣà yẹn ṣe. Lójú àtòjọ àwọn ọ̀gá, òfo ni. Ọmọ náà kò pé márùn-ún, nítorí náà wọn kò kà á.

ÀWỌN ỌMỌ TÍ WỌ́N JÙ SÍLẸ̀ LỌ́NÀ

Ẹ ń rí i tí wọ́n máa ń ta aṣọ ìpolówó kọ́ lẹ́bàá títì wa pé ilé-ìwé báyìí gba 96 nínú 100 ní WAEC. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé ọmọ 60 ló wọ JSS 1 ní ilé-ìwé kan. Bí wọ́n ti ń gòkè, ilé-ìwé ń yọ àwọn tí kò ta kánkán. Ó di òpin SS 2, wọ́n ṣe ìdánwò kan, wọ́n ní kí àwọn tó kùnà lọ wá ibòmíràn ṣe WAEC. Ọmọ 25 ló kù. Nínú 25 yìí, 24 yege. 24 nínú 25, 96 nínú 100 nìyẹn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ 35 yòókù wọlé sí?

A mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn wọlé sí. Ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n wá, ní ọdún tó kù díẹ̀ kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì sì jáde, orúkọ ilé-ìwé ìjọba ni ìkùnà wọn wà. Ẹnì kan ju ẹrù sílẹ̀ lọ́nà, ẹlòmíràn bá a gbé e. Ẹni tó ju ẹrù sílẹ̀ ni àtòjọ yìí ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹni tó gbé e ni ó ń bú.

Ẹ tún wo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fúnra rẹ̀. Ká sọ pé ilé-ìwé ìjọba kan fi ọmọ 220 sílẹ̀ fún ìdánwò, tí 110 sì yege. Ìdajì ni. Àtòjọ yóò ní 96 ju 50 lọ. Ṣùgbọ́n ní ti iye ọmọ ènìyàn, ilé-ìwé kan fún wa ní ọmọ 24, èkejì fún wa ní 110. Ọmọ 110 tí bàbá wọn jẹ́ dírẹ́bà, tí ìyá wọn ń ta gàrí, tí wọ́n sì ti ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ báyìí. Àwọn wo ló ṣe orílẹ̀-èdè yìí lóore jù?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Àwọn kan pariwo nígbà náà pé ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti sọ ilé-ìwé di yẹpẹrẹ. Bí ìjọba ìgbà náà bá ti ń wo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan, wọn ì bá ti ilẹ̀kùn padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa kò bá tí mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara wọn. Nígbà tí Gómìnà Bísí Ọnàbánjọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní sẹ́kọ́ńdírì Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́yìn ìbò 1979, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n tún gbé dìde. Ilé-ìwé tó bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ìdá tirẹ̀ yóò wálẹ̀ dandan. Ṣíṣí tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n wá ń kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́rùn báyìí.

ÒṢÙWỌ̀N TÓ Ń YẸ̀

Kódà ká ní òṣùwọ̀n yìí tọ̀nà, ṣé ó dúró sójú kan? Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún náà, WAEC kéde pé 38.32 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà ló gba kírédíìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ní ọdún 2024, ó ju 72 lọ. Gbogbo ìlú figbe ta. Àwọn kan ní ọmọ ìwòyí kò kàwé mọ́, àwọn kan ní olùkọ́ ti di ọ̀lẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, WAEC padà wá sọ pé àṣìṣe wà. Wọ́n ti pààrọ̀ bí ìbéèrè ṣe tò lára ìwé ọmọ kan sí òmíràn kí wọ́n má baà jí ara wọn wò, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí kò bá ìwé mu ni wọ́n fi máàkì iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 38.32 di 62.96. Ọmọ tó lé ní 485,000 tí wọ́n ti pè ní olùkùnà ló di ẹni tó yege.

Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, JAMB ti ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ṣàṣìṣe ní Èkó tó wà lẹ́bàá wa níhìn-ín àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ní ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ló kàn, ìdánwò mìíràn ni wọ́n sì ní kí wọ́n wá ṣe. Olórí JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèédé, sunkún ní gbangba. A gbóríyìn fún un pé ó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa bi àwọn ọ̀gá: bí ẹ bá ti fi èsì ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ to ilé-ìwé, tí ẹ sì ti já owó òṣìṣẹ́ lé e lórí, ta ni ì bá dá owó náà padà? Ilé-ìwé kò yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn. Tíṣà kò pọ̀ sí i, àga kò sì pọ̀ sí i. Nọ́ńbà nìkan ló yí padà.

OJÓÒRO

Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń kùn nípa rẹ̀ tí a kì í fẹ́ sọ síta nìyí. Nínú èsì 2025 kan náà, WAEC dá ti ọmọ 192,089 dúró nítorí ẹ̀sùn ojóòro. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ kan nínú mẹ́wàá. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní mírákù sẹ́ńtà, ibi tí òbí ti ń san owó ńlá kí ìdáhùn lè wọlé bá ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, ipò wo ni yóò wà lórí àtòjọ? Òkè pátápátá ni. Ilé-ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ le, tó dúró ti òtítọ́, tó ní ọmọ kò gbọdọ̀ wo ìwé ẹnì kejì, yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ mọ àrùn yìí dáadáa. Bí ilé-iṣẹ́ bá so ẹ̀bùn mọ́ iye ọjà nìkan, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọjà tó fọ́ mọ́ ojúlówó kí nọ́ńbà lè pé. Bí a bá so owó mọ́ ipò ilé-ìwé, ọjà ojóòro ni a bá ṣí. Àwọn olùkọ́ rere ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Bí ẹnì kan bá sọ pé ohun tí ayé ń ṣe ni, ẹ sọ fún un pé ayé ti ń padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1992 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì ìdánwò ilé-ìwé girama jáde, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ń tò ó bí ìdíje bọ́ọ̀lù. Nígbà tó di 2001, Wélíìsì dá a dúró ní tiwọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn rí i pé kò tọ́ kí a máa wo òpin ìrìn nìkan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ọmọ wà nígbà tó jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wo ibi tó dé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe pé ìyẹn náà kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n ti ń béèrè ibi tí dírẹ́bà ti gbé èrò. Ohun tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ti ń tún ṣe ni àwọn ọ̀gá wa wá fẹ́ fi dán wa wò.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN ẸLẸGBẸ́ WA

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ní: "Ẹ̀yin ń gbèjà ilé-ìwé ìjọba. Ṣé ẹ kò rí àwọn tíṣà tí kì í wá síṣẹ́ ni?" A rí wọn. A kò gbèjà ọ̀lẹ, ìbáà jẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ nínú kíláàsì. Ilé-ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yege nínú rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí mẹ́rin gbọ́dọ̀ wá ṣàlàyé, èsì ìdánwò sì ni yóò fi yé wa pé ìbéèrè wà níbẹ̀. Ìdánwò lè jẹ́ ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ìdájọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá gbé ọjà jáde, a óò kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ, iná àti ohun èlò, kí a tó lé ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Bí kíláàsì bá ní ọmọ ọgọ́rin, tí kò sì sí tíṣà Físíìsì, ta ni ọ̀lẹ níbẹ̀?

Àwọn mìíràn ní: "Bí kò bá sí àtòjọ, báwo ni àwa tí a kò kàwé púpọ̀ yóò ṣe mọ ilé-ìwé tó dára?" Ìbéèrè gidi nìyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí a fi ẹsẹ̀ wa lọ síbẹ̀, kí a sì béèrè. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń wo ẹ́ńjìnnì kó tó ra ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀dà tí wọ́n kùn ún ra ilé-ìwé fún ọmọ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè báyìí:

Ekínní: Ọmọ mélòó ló wọ JSS 1 lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mélòó nínú wọn ló sì ṣe WAEC níhìn-ín? Níbo ni ìyókù wà?

Èkejì: Báwo ni wọ́n ṣe ṣe nínú ìdánwò BECE ní JSS 3, báwo ni àwọn ọmọ kan náà sì ṣe ṣe ní WAEC lẹ́yìn ọdún mẹ́ta?

Ẹ̀kẹta: Ta ni ń kọ́ wọn ní Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti Sáyẹ́ǹsì? Ṣé ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́? Ó ti pẹ́ tó mélòó níbẹ̀?

Ẹ̀kẹrin: Ọmọ mélòó ló wà nínú kíláàsì kan? Ṣé omi wà? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà tí ọmọbìnrin lè lò láìtijú?

Ẹ̀karùn-ún: Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá ń fà sẹ́yìn? Ṣé wọ́n ń dúró tì í ni, àbí wọ́n ń lé e?

Ẹ̀kẹfà: Kí ni ọmọ yín lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó bá jáde?

Ìbéèrè kẹfà yìí kì í ṣe àwàdà. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, Táí Ṣólàárín dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Ohun tó sọ ilé-ìwé náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni pé ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ ń roko, wọ́n jọ ń sin adìẹ, wọ́n sì ń kọ́ láti gbára lé ara wọn. Ìwé náà kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú àtòjọ WAEC ló ní àyè fún ọmọ tí kò tijú iṣẹ́ ọwọ́? Olóyè Awólọ́wọ̀ alára, tó ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ mọ́tò nígbà kan rí, ìwé ni ó fi ń dá kọ́ ara rẹ̀ tó fi gba oyè yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ilé-ìwé wo ni a ó fún ní máàkì yẹn? Ọwọ́ púpọ̀ ló ń tọ́ ọmọ kan dé ibi ìdánwò. Ẹni kan ṣoṣo kò lè gba ìyìn rẹ̀, ẹni kan ṣoṣo kò sì lè jẹ ẹ̀bi rẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ FÚN

Nítorí náà, ẹ̀ka wa sọ báyìí, ohùn kan ni a sì fi sọ ọ́:

1. Kí ilé-iṣẹ́ náà fa àtòjọ wọn ya. Ọmọ òṣìṣẹ́ ni àdéhùn wa dárúkọ, kò dárúkọ ipò ilé-ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ̀rí pé owó náà dé ibi ẹ̀kọ́, kí wọ́n gba rìsíìtì àti ìwé tí ọ̀gá ilé-ìwé fi jẹ́rìí pé ọmọ náà ń wá sí kíláàsì. Ìyẹn tó.

2. Kí Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn máa tẹ ohun tó tọ́ kí òbí mọ̀ jáde fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ti ìjọba àti ti aládàáni: iye ọmọ tó wọlé, iye tó ṣe ìdánwò, iye tó kúrò, iye olùkọ́, àti bí BECE ọmọ kan náà ṣe rí sí WAEC rẹ̀. Kí wọ́n má tò ó ní ipò. Àwa yóò kà á fúnra wa.

3. Kí ìjọba gba olùkọ́ sí àwọn ilé-ìwé tó wà láàárín Mowe, Ibafo àti Ifọ ní ìbámu pẹ̀lú iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí, kì í ṣe iye tó wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ oko.

4. Kí àwa náà má jókòó sílé. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyàwó nìkan. Ẹ̀ka yóò yan ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifọ tí yóò máa lọ sí ìpàdé wọ̀nyí fún gbogbo wa. Ẹni tó bá wà ní ṣíìfù alẹ́ kò ní àwáwí, nítorí ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé kankan tí àwọn ọ̀gá bá gbé wá ṣáájú ìgbà náà, ìbáà ṣe pé ilé-ìwé ọmọ tirẹ̀ wà lókè àtòjọ. Ẹni tó wà lókè lónìí, ìdánwò kan péré ló lè já a wálẹ̀ lọ́la, owó náà yóò sì tẹ̀lé e lọ.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò sọ pé ọmọ tó bá ti yege nìkan ni kí a kọ́. Gbogbo ọmọ ni. Owó ẹ̀kọ́ tí a bá wọn jà fún, gbogbo ọmọ òṣìṣẹ́ ló ni ín, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò gbà á lọ́wọ́ wa.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!

Láti ọwọ́ aṣojú òṣìṣẹ́, ní orúkọ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka.